Patrick Russell àti Ejò Inú Ìkòkò Òdòdó

Ní ìparí sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, ìkòkò òdòdó kan ṣubú, ó sì fọ́ níwájú họ́sítẹ̀lì wa. Ohun tó jáde láti inú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ méjì tí a to tẹ̀lé ara wọn lọ. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ń yí mọ́lẹ̀ bí ekòló tí oòrùn pa. Ẹnìkan pariwo ejò. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n ti fi bàtà lù ú pa, wọ́n ti da kẹrosíìnì sí i lára, wọ́n sì ti ń jiyàn nípa apá tó jẹ́ orí àti apá tó jẹ́ ìrù. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé yàrá búra pé apá méjèèjì ni orí, pé irú ejò olórí méjì bẹ́ẹ̀ burú ju sèbé lọ.

Mo ṣa òkú rẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e lọ sí láábù. Olùkọ́ wa wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ara ẹbí àwọn ejò afọ́jú ni, pé wọn ò ní oró, pé ẹnu wọn kéré débi pé kò lè ráyè gé awọ ara ènìyàn jẹ. Wọ́n ní èyí tó rin ìrìn àjò jù lọ nínú ẹbí yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ejò inú ìkòkò òdòdó, Indotyphlops braminus. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè ẹni tó kọ́kọ́ fi í sínú ìwé. Mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ wá a, kí n sì kọ ọ́ fún ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa bí mo bá rí i. Ohun tí mo rí nìyí.

Patrick Russell ni ọkùnrin náà. Gbogbo wa tí a ti ṣe kọ́ọ̀sì ẹranko afàyàfà la ti gbọ́ orúkọ Russell, nítorí pé ẹ̀yà paramọ́lẹ̀ kan wà ní Íńdíà àti Sri Lanka tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Daboia russelii, ọ̀kan nínú àwọn ejò tó ń pa ènìyàn jù lọ ní apá ayé yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rò pé bóyá ejò náà ló bu ọkùnrin náà jẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìlú Edinburgh ní Skọ́tíláǹdì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1727. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ìyàwó tó ju ẹyọ kan lọ ló sì fẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kì í ṣe pọ̀. Bí agboolé wa níbí, ọmọ bàbá kan náà pọ̀ nílé wọn, ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n bá sì là ni àbúrò ń tọ̀. Alexander, ẹ̀gbọ́n Patrick nípa ti bàbá, ti di dókítà fún àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ní Aleppo, ní Síríà, tó wà lábẹ́ ìjọba Ottoman nígbà náà. Nígbà tí Patrick parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ ní ọdún 1750. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Alexander padà sí Lọ́ńdọ̀nù, Patrick sì jókòó sípò rẹ̀. Ó lò tó ogún ọdún ní ìlú náà. Ó gbọ́ èdè wọn, ó ń wọ ilé wọn, Páṣà tó ń ṣàkóso ìlú sì bọ̀wọ̀ fún un débi pé ó gbà á láyè láti máa wé láwàní, ohun tí wọn kì í dédé fún àjèjì.

Ibì kan wà nínú ìgbé ayé rẹ̀ ní Aleppo tí mo ti kà tó ìgbà mẹ́ta. Ó lọ sí ilé ọlọ́lá kan, ó bá àwọn obìnrin ilé náà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ṣọ̀pọ̀nná mú. Arúgbó obìnrin kan tó jẹ́ ará aṣálẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń gbọ́. Arúgbó yìí ló sọ fún un pé àwọn ènìyàn òun ti mọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ tí ara rẹ̀ dá, kí a sì fi díẹ̀ nínú omi ìléròrò aláìsàn sí ojú abẹ́rẹ́ náà, kí àìsàn náà lè mú ọmọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó sì lọ. Russell kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àwàdà. Ó ń bi ẹlòmíràn, ó ń bi àwọn oníṣòwò tó ń ti Baghdad àti ibòmíràn bọ̀, ó sì rí i pé àṣà náà ti wà káàkiri tipẹ́tipẹ́, àti pé wọ́n ń pè é ní ríra ìgbóná: ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún á mú èso díẹ̀ dání, bí àjàrà gbígbẹ, á fi ra ìléròrò lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Alexander, ẹgbẹ́ Royal Society sì tẹ lẹ́tà náà jáde ní ọdún 1768. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín ọdún yẹn àti ìgbà tí Edward Jenner gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára tirẹ̀ jáde.

Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé bó ṣe ṣe ọ̀rọ̀ ejò nìyẹn pẹ̀lú. Ó ń bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ní 1760 sí 1762, àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní plague jà ní Aleppo. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń kọ ìtàn àìsàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde kò dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé títí di 1791. Ọkùnrin tó ń fara balẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1770 ó fi Aleppo sílẹ̀, ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣe dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbà á sí Royal Society ní 1777. Ẹni tó bá wò ó nígbà náà á rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Àbúrò rẹ̀ Claud ló tún gbé e dìde. Claud ń ṣiṣẹ́ fún East India Company, wọ́n sì yàn án sípò ńlá ní Vizagapatam, ní etíkun ìlà-oòrùn Íńdíà. Ara Claud kò fi bẹ́ẹ̀ le, ẹbí sì fẹ́ kí dókítà kan bá a lọ. Ní 1781, Patrick tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò sí iṣẹ́ kan pàtó tó ń lọ ṣe. Ó kàn tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ lọ ni. Nígbà tó débẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewéko, ẹja àti ejò jọ.

Johann König ni onímọ̀ ẹ̀dá tí Company ń san owó fún ní apá ibẹ̀. Nígbà tí König dùbúlẹ̀ àìsàn ní 1785, Russell wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ ti dé. Wọ́n fi Russell rọ́pò rẹ̀. N kò fẹ́ kí a gbàgbé ohun tí Company yìí jẹ́ o. Ìṣòwò àti ìjẹgàba ló gbé e dé Íńdíà, ewéko tó lè mówó wọlé ló sì ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun rẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà ń bá ejò pàdé lójoojúmọ́, ohun tí kálukú sì ń bẹ̀rù jù ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ dájú èyí tó ń pa ènìyàn àti èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Òun ni Russell sọ di iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ìṣòro náà wà, nítorí àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ọ̀nà tí Linnaeus fi lélẹ̀ láti fi dá ejò mọ̀ ni kí a ka ìpẹ́ ńlá abẹ́ ikùn, kí a sì ka ti abẹ́ ìrù. Ọ̀nà náà wúlò fún ẹni tó jókòó ti ìgò nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Kò wúlò fún àgbẹ̀ tí ejò ṣẹ̀ṣẹ̀ bù jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, iye ìpẹ́ kò sọ ohunkóhun fún wa nípa oró. Àwọ̀ ara ńkọ́? Ejò tí kò lóró lè jọ èyí tó lóró bí ìbejì. Russell gba pé àfi kí a la ẹnu ejò. Ó ń wo páárì òkè: bóyá eyín oró wà níwájú, tó gùn tó sì ní ihò nínú, tàbí eyín kéékèèké lásán ló tò bí ti ayùn. Ejò lórí ejò, àwọn ènìyàn ń gbé e wá fún un, ó ń la ẹnu wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń jẹ́ kí àwọn ayàwòrán yà á. Nínú ẹ̀yà ejò 43 tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe, èyí tó pọ̀ jù lọ kò ní eyín oró kankan. Ẹ rò ó wò, gbogbo wọn ni wọ́n ń lù pa bákan náà.

Apá kan iṣẹ́ rẹ̀ wà tí kò rọrùn fún mi láti kà. Láti mọ bí oró ejò kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ́ kí ejò bu adìyẹ àti ajá jẹ, ó sì ń wo aago: ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì, ìgbà tí ẹranko náà ṣubú, ìgbà tó kú tàbí tó yè. Ojú ewé lórí ojú ewé ni. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lórí ẹranko ní yunifásítì wa kò ní buwọ́ lu irú rẹ̀ lónìí, inú mi sì dùn pé wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn àkọsílẹ̀ yẹn ni a ti rí ọ̀kan lára àwọn àlàyé tó kọ́kọ́ fara balẹ̀ fi hàn pé oró kan kò dà bí èkejì.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oògùn Tanjore ti jẹ yọ. Oògùn oníhóró kan gbajúmọ̀ ní Tanjore, ní gúúsù, tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ejò bá bù jẹ, àwọn òyìnbó náà sì ti ń gbà á gbọ́. Arsenic, tó jẹ́ májèlé fúnra rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Russell kò bú u, kò sì yìn ín kó tó wò ó. Ó dán an wò, kò rí ìwúlò kan gbòógì nínú rẹ̀. Ìdí tí oògùn bẹ́ẹ̀ fi ń lókìkí kò ṣòro láti rí. Bí ejò tí kò lóró bá bu èèyàn mẹ́wàá jẹ, tí gbogbo wọn lo oògùn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò yè, oògùn ni yóò sì gba ìyìn. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń ta òkúta dúdú fún ejò ní gáréèjì wa mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé n kò gba ìṣègùn ìbílẹ̀ gbọ́. Arúgbó inú ilé Aleppo yẹn náà oníṣègùn ìbílẹ̀ ni, òtítọ́ ló sì sọ. Ìdánwò ló fi tirẹ̀ hàn yàtọ̀ sí ti Tanjore.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé kò fún ejò wọ̀nyẹn ní orúkọ Látìn. Orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pè é ní èdè Telugu ló kọ sílẹ̀, bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Paramọ́lẹ̀ tó wá di ti Russell lónìí, Katuka Rekula Poda ló pè é. Ọ̀kan tó pè ní Bungarum Pamma ló fún gbogbo ìdílé Bungarus ní orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ há orúkọ yẹn sórí fún ìdánwò bíi tèmi, Telugu lẹ há sórí, kì í ṣe Látìn. Orúkọ àwọn tó gbé ejò náà wá fún un ni kò wọ inú orúkọ sáyẹ́ǹsì kankan.

Ní àwòrán 43 nínú ìwé rẹ̀ ni mo ti bá ejò tiwa pàdé. Rondoo Talooloo Pam ni Russell kọ. Ní èdè Telugu, ejò olórí méjì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo rí i. Ohun tí ọmọ yàrá wa búra lé lórí ní iwájú họ́sítẹ̀lì, àwọn ará Vizagapatam ti sọ ọ́ ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Wọn ò kúkú jẹ̀bi. Ìrù ejò náà ṣe róbótó bí orí, ẹ̀gún kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì jẹ́ àmì dúdú bíńtín lábẹ́ ìpẹ́. Ìpẹ́ ikùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, nítorí náà ẹni tó bá ń fi ọ̀nà Linnaeus kà á kò ní rí ohun tí yóò kà. Ìlà ìpẹ́ tó yí ara rẹ̀ ká ni a fi ń mọ̀ ọ́n: ogún ni.

Ẹyin, ìdin àti ọmọ èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀. Inú ilẹ̀ tó rọ̀ ló ń gbé, lábẹ́ ewé jíjẹrà àti igi wíwó. Àwọn àgbà ní kékeré ejò kò ṣeé fojú di, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n lè yọ eléyìí sílẹ̀.

Ibi tó ti wá gan-an ló ń dá àwọn onímọ̀ láàmú. Gúúsù Éṣíà, Íńdíà àti àyíká rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́ ilẹ̀ àbínibí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ ń gbé. Ṣùgbọ́n lónìí ó wà ní Florida, ní Hawaii, ní Mẹ́síkò, ní àríwá Ọsirélíà, ní Madagascar, ó sì ti dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò sí ejò mìíràn tó tàn káyé tó o. Ẹsẹ̀ kọ́ ló fi rìn. Inú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń kó ewéko kiri ló ń fara pamọ́ sí, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé e lọ. Ohun tó wá jẹ́ kó rọrùn fún un ni pé abo ni gbogbo wọn. Kò tíì sí ẹni tó rí akọ. Kírómósóómù wọn jẹ́ ìpele mẹ́ta dípò méjì, ẹyin wọn sì ń pa láìsí pé akọ kan sún mọ́ wọn. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá bá ìkòkò òdòdó dé ìlú tuntun, ó ti tó láti tẹ ìlú dó. Russell kò mọ èyí. Nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn onímọ̀ tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kọ orúkọ ibi tó ti rí ejò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a lè nawọ́ sí Vizagapatam gẹ́gẹ́ bí ibi tí àpèjúwe àkọ́kọ́ ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹranko jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá láìkọ ibi tí ẹ ti rí i sára ìgò, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń gbọ́ o.

Ó kúrò ní Íńdíà ní 1789 pẹ̀lú ẹbí Claud. Ní 1794 ó tún ìwé tí Alexander kọ nípa Aleppo ṣe, ó fi ọ̀pọ̀ nǹkan kún un, ó sì tún un tẹ̀ jáde ní apá méjì; ẹ̀gbọ́n ti kú láti 1768. Ní 1796 ni ìwé ejò náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ńlá, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀, George Shaw fi orúkọ Russell sọ paramọ́lẹ̀ náà. Ejò kékeré ní láti dúró de 1803, nígbà tí François Marie Daudin ní Paris pè é ní Eryx braminus. Daudin kò fi ẹsẹ̀ tẹ Íńdíà rí. Àìsàn ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára láti kékeré, ìyàwó rẹ̀ Adèle ló ń ya àwòrán àwọn ìwé rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú láìpẹ́ sí ara wọn, kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwòrán 43 Russell ló wò tó fi sọ ejò náà lórúkọ.

Ìwé nípa ẹja 200 tó kó jọ ní Vizagapatam náà jáde ní 1803, nígbà tí Russell ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti Everard Home kọ̀wé nípa egungun àti iṣan tí ejò sèbé Íńdíà fi ń fẹ ọrùn rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí apá kejì ìwé ejò nígbà tí àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú un lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 2 oṣù keje, 1805. Kò gbé ìyàwó. Ìpín tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà jáde ní 1809, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó ti kú.

Ìgò tèmi ṣì wà lórí pẹpẹ ní láábù. Mo ti kọ ọjọ́, ibi àti gígùn rẹ̀ sí i lára. Olùkọ́ wa ní kí n ka ìlà ìpẹ́ yíká ara rẹ̀ kí n tó kọ orúkọ kankan sí i. Ogún ni mo kà nígbà àkọ́kọ́, mọ́kànlélógún nígbà kejì, níbi tí bàtà ti tẹ̀ ẹ́ ni ó ń rú mi lójú. Ọjọ́ Ajé ni n ó tún un kà.